Ìlà Tí Kò Ní Òwú

Yàrá ìránṣọ ilé ìwòsàn náà wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, ooru àti òórùn ọṣẹ sì máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá bá Ìyá Abẹ́rẹ́ nídìí máṣíìnì rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti jókòó síbẹ̀. Bí aṣọ ibùsùn bá gbó láàárín, á fà á ya sí méjì, á gbé etí rẹ̀ méjèèjì wá sáàárín, á rán wọn pọ̀, aṣọ á sì tún rí ọdún méjì lò sí i. Èyí tí kò bá ṣeé tún ṣe mọ́ á di àpò ìrọ̀rí. Èyí tí kò bá tó àpò ìrọ̀rí á di àkísà. Kò sóhun tó ń ṣòfò lọ́wọ́ rẹ̀, àfi ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó máa ń pọ̀ ju ohun tí etí lè gbà lọ.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ló máa ń yẹ ìwé báńkì rẹ̀ wò. Kì í wò ó lórí fóònù; ó ní òun ò lè bá gíláàsì ṣírò owó. Á ní kí báńkì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, á jókòó ti tábìlì ilé ìdáná, á mú abẹ́rẹ́ àti òwú pupa. Ìlà tó bá ti mọ ìdí rẹ̀, á ki abẹ́rẹ́ bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á ta kókó kékeré kan sí i. Owó omi: kókó. Owó iná: kókó. Ìdámẹ́wàá: kókó, pẹ̀lú "o ṣé, Olúwa." Owó òògùn ojú: kókó, láìsí "o ṣé" kankan.

Ní Sátidé tí à ń sọ yìí, ìlà kan kù tí kò ní òwú. Orúkọ tó wà níbẹ̀ kò jọ orúkọ èèyàn, kò sì jọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́tà mẹ́rin ni, nọ́ńbà rẹpẹtẹ sì tẹ̀ lé e, bí ohun tí wọ́n ń kọ sídìí mọ́tò. Iye tó wà níwájú rẹ̀ tó owó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Nǹkan náà ò kúrò níbẹ̀.

Ó pe àkọ́bí rẹ̀ obìnrin. Ọmọ yìí ló ra fóònù tuntun fún un ní oṣù méjì sẹ́yìn. Fóònù àtijọ́ ti bọ́ sọ́wọ́ àbúrò Ìyá Abẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń rí nínú ẹbí wọn: bàtà, kóòtù, fóònù, gbogbo rẹ̀ ló ń ti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bọ́ sọ́wọ́ àbúrò, kò sì sẹ́ni tó ń tú àpò rẹ̀ wò kó tó gbé e fúnni.

"Ẹ ka orúkọ yẹn fún mi, Màmá."

Ó kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà wá a kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Mo ti rí i. Àwọn kan tó ń ta bàtà ni. Orúkọ tí wọ́n fi ń tajà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń gbowó. Màmá, ṣé ẹ ò ra bàtà?"

"Bàtà tí mi ò tíì kẹsẹ̀ bọ̀ wò? Ṣé orí mi dàrú ni?"

"Àbí ẹ rà á, ẹ gbàgbé?"

"Mo rántí ọjọ́ tí eyín rẹ àkọ́kọ́ yọ. Mo rántí ẹni tó o fi bù jẹ pẹ̀lú."

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ó dáa. Ẹ pe báńkì nísinsìnyí kí wọ́n ti káàdì yẹn pa. Tó bá di Mọ́ńdè, ẹ lọ bá wọn, kẹ́ ẹ sọ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ san án. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o, ọjọ́ tí wọ́n fi ń gba ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ níye."

Ó pe báńkì, wọ́n ti káàdì náà pa. Ní Mọ́ńdè, akọ̀wé tó dá a lóhùn ní báńkì kéré sí àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù.

"Ṣé káàdì yín sọnù, Mà?"

"Ó wà nínú Bíbélì mi, nínú ìwé Jóòbù. Ibẹ̀ ni mo fi í sí kó lè kọ́ ìfaradà."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bo ẹ̀rín rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ṣé ẹlòmíràn nínú ilé ń lò ó?"

"Èmi nìkan ni mò ń gbé."

"Ṣé kò sí lórí fóònù ẹlòmíràn?"

"Rárá o. Fóònù mi nìyí." Ó gbé tuntun náà kalẹ̀ sórí tábìlì.

Akọ̀wé ní àwọn yóò kọ̀wé sí àwọn oníbàtà. Bí wọn ò bá lè fi hàn pé ìyá náà ló rajà, ọwọ́ wọn ni báńkì yóò ti gba owó náà padà. Ó wá ti fọ́ọ̀mù kan síwájú rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Ìyá Abẹ́rẹ́ buwọ́ lù ú, ó sì fi inú dídùn rìn padà sídìí máṣíìnì rẹ̀.

Sọ́ńdè dé. Pásítọ̀ béèrè ẹni tó ní ẹ̀rí, ta ló sì dìde bí kò ṣe àbúrò rẹ̀! Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo ìjọ ń pè é. Ó ń fọ abọ́ nílé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ kan, lórí ìdúró láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa ń wú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i. Láti ọdún márùn-ún tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò tíì dìde jẹ́rìí kankan.

"Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ mi." Ó di àga iwájú mú, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Bàtà aláwọ̀ àlùkò ló wà níbẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn bí ìṣù búrẹ́dì. "Orí fóònù ni mo ti rí i. Mo tẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n gbé e wá, mo ní tí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà, màá bẹ̀ wọ́n kí n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin tó gbé e wá dé. Mo ní èló ni owó yín? Ó ní, 'Mà, wọ́n ti san án.' Mo ní ta ló san án? Ó ní òun ò mọ̀, wọ́n ṣáà ti san án tán! Ẹ̀yin ará, ta ló san án?"

"Jésù!" ni gbogbo ìjọ dáhùn.

Ìyá Abẹ́rẹ́ náà ti ní "Jé—" kí ara rẹ̀ tó tutù wọ̀ọ̀. Bàtà. Orí fóònù. Wọ́n ti san án. Ó rántí pé àkọ́bí òun ti fi nọ́ńbà káàdì sínú fóònù àtijọ́ yẹn lọ́dún tó kọjá, kó lè máa fi san owó iná. Kò sẹ́ni tó tú àpò rẹ̀ wò.

Wàásù ọjọ́ náà dá lórí òtítọ́. Ó wù ú kí pásítọ̀ ti rí nǹkan mìíràn sọ. Bó bá panu mọ́, báńkì á dá owó òun padà, àbúrò òun á ní bàtà, á sì ní ẹ̀rí. Àwọn oníbàtà nìkan ló máa sunkún, ta ló sì mọ̀ wọ́n? Ṣùgbọ́n ohun tí àbúrò òun ní kí wọ́n gbé wá ni wọ́n gbé wá, ọwọ́ òun náà ló sì wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù. Bó bá sì sọ̀rọ̀, ẹ̀rí kan ṣoṣo tí àbúrò òun ní láti ọdún márùn-ún lòun máa já gbà lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, ó bá a délé. Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín ń gbé omi sórí iná nígbà tó rọra ro ẹjọ́ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ẹ̀yin lẹ ra bàtà fún mi?"

"Ìwọ lo rà á. Owó mi ló kàn bá ọ lọ."

"Yéè! Mo jalè nínú ṣọ́ọ̀ṣì!"

"Ìta lo ti jalè. Inú ṣọ́ọ̀ṣì lo ti wá kéde ẹ̀."

Àbúrò náà kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú okùn bàtà. "Inú mi dùn gan-an ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé Ó rántí ẹsẹ̀ mi."

Ìyá Abẹ́rẹ́ ti to àwọn ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà, nípa ẹni tó ń tẹ ohun tí kò kà. Ó gbé wọn mì. Ẹsẹ̀ yẹn ti ń wú lójú òun fún ọdún márùn-ún. Aṣọ ibùsùn àwọn tí òun ò mọ̀ lòun ń tún ṣe ní gbogbo ìgbà náà.

"Ó rántí ẹ," ló sọ. "Èmi ni mi ò rántí. Má tú u mọ́, bàtà ẹ ni. Mi ò gba owó kankan lọ́wọ́ ẹ."

Àbúrò rẹ̀ gbójú sókè, ó ń wò ó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ wọ ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan. "Àbí Ọlọ́run ò lè lo káàdì yín ni?"

"Ó lè lò ó. Ì bá ṣáà ti sọ fún mi kí n tó lọ buwọ́ lùwé."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbé àwọn méjèèjì, títí omi orí iná fi hó dà nù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe àkọ́bí kó wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yọ káàdì kúrò nínú fóònù àtijọ́. Ó gbà wọ́n tó wákàtí kan. Ìdajì rẹ̀, ọmọ náà ló ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún.

Ní Mọ́ńdè, ó padà sí báńkì.

"Mà, ṣé ẹ ti rí olè náà?"

"Mo rí i. Ó wọ bàtà àlùkò. Ẹ bá mi fa ẹjọ́ yẹn padà, èmi ni mo ṣì í sọ. Àwọn oníbàtà ò jẹ mí ní nǹkan kan."

Akọ̀wé náà wá fọ́ọ̀mù rẹ̀ jáde. "Kí ni kí n kọ síbi ìdí?"

"Kọ ọ́ pé mo ra bàtà fún àbúrò mi, mi ò sì mọ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó, ó wo àyè kékeré tó wà lórí bébà náà, ó sì kọ "ọ̀rọ̀ ẹbí" síbẹ̀.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín tún dìde. Ó ní ẹ̀rí òun tọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣì kù díẹ̀, pé Olúwa ló san owó náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn, tó wé gèlè funfun, tó ti lọ fẹjọ́ Rẹ̀ sùn ní báńkì. Ìjọ rẹ́rìn-ín débi pé pásítọ̀ fi aṣọ ìnujú bojú. Ìyá Abẹ́rẹ́ tẹ orí ba, ó ń wá ìwé orin tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó mú bébà náà jáde. Kò lo òwú pupa. Ó wá àlùkò láti ìsàlẹ̀ agolo òwú rẹ̀, ó ki abẹ́rẹ́ bọ ẹ̀gbẹ́ ìlà tó kù, ó ta kókó sí i. Ó tún ṣírò owó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin yẹn lọ́kàn.

"O ṣé, Olúwa," ló sọ, ó sì fi eyín já òwú.