Òkúta Tí Iná Kò Jó

Bàbá, kápíńtà tí a jọ ń gbé ilé kan náà, fi ìka méjì fa fọ́nrán kan yọ lára òkúta kan, bí ẹni ń fa òwú yọ létí aṣọ, ó sì rọra gbé e sórí ẹyin iná tí màmá mi fẹ́ fi se ọbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, mò ń retí kí ó jó. Kò jó. Ó pọ́n yòò bí ẹyin iná fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá fi ẹ̀mú mú un kúrò tí ó sì tutù, ó ṣì funfun bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò rún, kò di eérú.

Mo bi í pé ṣé òkúta ni àbí òwú. Ó ní òkúta ni, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, àti pé lókè òkun àwọn kan máa ń ran án bí òwú, wọ́n á fi hun ìbọ̀wọ́ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí iná ńlá. Ó ní ó wà nínú búrẹ́kì ọkọ̀ akẹ́rù, nítorí búrẹ́kì máa ń gbóná. Tí wọ́n bá pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì, á di pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé. Ó nàka sókè. Àjà tó wà lórí wa nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, òun ló kàn án.

Asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni orúkọ rẹ̀. Mo pè é títí ó fi mọ́ mi lẹ́nu.

Ifọ̀ là ń gbé nígbà yẹn, nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ tí kò jìnnà sí ojú irin. Yàrá tó kọjú sí títì ni ti Bàbá. Ìhà Ọ̀yọ́ ló ti wá, ó sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe pátákó asibẹ́sítọ́ọ̀sì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kápíńtà tara rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí òkúta yẹn nínú àpò kan, odindi, tí ẹ̀rọ kò lọ̀, ó sì gbé e pamọ́ nítorí pé ó rẹwà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí mi. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, àmọ́ fìlà tó hun fún Bàbá ló máa ń dé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Èmi, Ìyá Ìbéèrè ló sọ mí.

Ìró ni mo fi mọ iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pákó ni ayùn rẹ̀ ń gé, ìró náà máa ń rọlẹ̀, òórùn igi á sì gba ẹ̀yìnkùlé. Bó bá jẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì, á máa ha bí ìgbà téèyàn ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò, eruku á sì máa gòkè, á bà lé ìpéǹpéjú rẹ̀ títí á fi dà bí ẹni tó kó sínú ìyẹ̀fun. Á fẹnu fẹ́ etí pátákó náà, á fi àtàńpàkò tọ́ ọ wò, á rẹ́rìn-ín sí i.

Lọ́jọ́ kan mo bi í pé, "Bàbá, bí iná ò bá lè jó o, tí òjò ò lè mú un jẹrà, eruku tó ń bọ́ lára ẹ̀ yìí, ibo ló ń lọ?"

Ó dá ayùn dúró. Ó wo ilẹ̀, ó wo ayùn, ó ní kí n lọ fọ ẹsẹ̀ mi.

Nígbà tó yá, ikọ́ mú un. Ikọ́ gbígbẹ ni, kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn ilé láì dúró. Àwọn ará ilé ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Wọ́n ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ní kí n yé jókòó tì í. Inú mi bà jẹ́, mo ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa, mo ń bá a sọ̀rọ̀ láti òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó lọ sí ilé ìwòsàn ní Abẹ́òkúta, ó sì padà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Màmá mi bu omi fún un. Ó sọ pé kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ, kò lè ran ẹnikẹ́ni. Dókítà wo àwòrán àyà rẹ̀, ohun tó sì kọ́kọ́ bi í ni irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ní eruku asibẹ́sítọ́ọ̀sì máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ, ara kò lè lọ̀ ọ́, kò lè tì í jáde, ó sì lè jókòó síbẹ̀ fún ogún ọdún kó tó fi ara hàn.

Bàbá yíjú sí mi. "Ìyá Ìbéèrè, mo ti mọ ibi tó ń lọ."

Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó ń dùn ún jù. Dókítà tún bi í pé ta ló ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ìyàwó mi ni," ni Bàbá wí. "Tí mo bá ti bọ́ ọ, òun ló máa ń gbọ̀n ọ́n kó tó rẹ ẹ́. Òtútù ni mo rò pé ó pa á."

Màmá mi jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mu omi tó kù níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárọ̀. Gbogbo ilé tó ti kan àjà sí ló fẹ́ padà lọ. Dókítà ti ṣàlàyé fún un pé bí pátákó náà bá ṣì wà ní odindi, kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, pé ìgbà téèyàn bá ń gé e, tó ń lu ú tàbí tó ń fọ́ ọ ni kí wọ́n ṣọ́ra. Màmá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi, kò sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi ohun tí kò mọ̀. Ó ní ohun tí wọ́n á fi dá òun lẹ́bi kọ́ ló ń lé òun jáde.

Mo bá a dé ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, ní Àgbàdo, lọ́jọ́ Sátidé. Obìnrin aránṣọ kan ló ni ín. Òkè ibi tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí gan-an ni àjà ti fọ́, eruku funfun wà lórí àwọn aṣọ tó ká sílẹ̀. Bàbá sọ ohun tó bá wá. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán.

"Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ ní kò sí àjà tó dára tó o."

"Èmi ni mo sọ ọ́. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Mo ti mọ̀ báyìí, òun ni mo fi wá."

Inú bí obìnrin náà. Ó bi í pé ọdún mélòó ni òun ti ń mí èyí símú. Bàbá dorí kodò níwájú obìnrin tó lè bí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n jáde síta, kí aránṣọ náà kó àwọn aṣọ sínú omi. Ó fomi wọ́n ibi tó fọ́ títí ó fi rin gbingbin, ó di àwọn àfọ́kù náà sínú ọ̀rá, ó sì kan pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí ojú ihò náà. Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ bó ṣe ń dánu dúró láti mí.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló gbà á wọlé. Onílé kan ní Ifọ̀ níbẹ̀ sọ pé iṣẹ́ ló tún ń wá. Síbẹ̀, Bàbá ń lọ, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fi lè gbé e mọ́. Kí ọyẹ́ ọdún yẹn tó kásẹ̀ nílẹ̀, ó kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, aránṣọ Àgbàdo wá sílé wa. Ó bi màmá mi pé ilé wo ló kù tí Bàbá ò tíì dé. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan làwọn méjèèjì fi rìn ín.

Mówè ni mò ń gbé báyìí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì níléèwé girama kan. Bí a bá ti dé orí ohun tó ń jáde nínú ilẹ̀, mo máa ń sọ fún wọn pé òkúta kan wà tí wọ́n ń hun bí aṣọ, mo sì máa ń rí i lójú wọn pé wọn ò gbà mí gbọ́. Mo máa ń sọ bó ṣe rẹwà tó, kí n tó sọ ohun tó ń ṣe. Bàbá ò bú òkúta yẹn rí, kódà lẹ́yìn tó ti mọ̀.

Ṣùgbọ́n rírìn tó rìn yẹn ni ò kúrò lára mi. Ká ní ó dákẹ́ ni, kò sẹ́nì kan nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn tí ì bá mọ̀ láé. Ní sáà tó kọjá, mo rí i pé mo ti kọ́ kíláàsì kan ní nǹkan tí kò rí bẹ́ẹ̀. Mo padà wọ kíláàsì náà lọ́jọ́ kejì. Mo sọ fún wọn pé ohun tí mo wí lánàá kò tọ̀nà, pé èmi ni mo ṣì í. Wọ́n wo ara wọn. Ọmọbìnrin kan ní ẹ̀yìn nawọ́ sókè.

Ó ní, "Mà, báwo lẹ ṣe wá mọ̀?"

Mo fa àga sún mọ́ wọn, mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.