Bádéjọ Òpó Bọ́ọ̀sì

Ṣòkòtò ló kọ́kọ́ sọ Bádéjọ di ọmọlúwàbí. Lọ́dún 1956, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó sì ń wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀ láti Ìfọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ táípù. Bàbá rẹ̀, tí í ṣe káfíńtà, ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ṣòkòtò funfun kan fún un. Bádéjọ fi sítáàṣì sí i títí ó fi le gbagidi, ó lọ̀ ọ́ títí ìlà iwájú rẹ̀ fi mú bí abẹ. Láti Ìfọ̀ ló ti ń dà á rò bí ìjókòó kò ṣe ní rún un. Bí wọ́n ṣe dé Pápáláńtò ni Ìyá Ròkíátù, arúgbó tó ń ta adìyẹ, wọlé. Kò sí àyè mọ́. Bádéjọ fò dìde.

"Ẹ jókòó, màmá."

Màmá jókòó, ó gbé àgò adìyẹ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. "Ọmọ tí a kọ́ tó gbọ́! Ìwọ náà yóò rí ẹni dìde fún ọ lọ́jọ́ alẹ́ rẹ!" Kò dákẹ́ títí wọ́n fi kọjá Ìtòrí, gbogbo èrò sì ń ṣe àmín. Bádéjọ bojú wo ṣòkòtò rẹ̀. Kò rún rárá. Òun náà ṣe àmín.

Ìyìn dùn, ó sì ń ràn bí iná inú ọyẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn èèyàn ti ń dá bàbá rẹ̀ dúró ní ọjà Ìfọ̀, wọ́n ń sọ fún un pé, "Ẹ mọ ọmọ kọ́ o." Bàbá délé, ó bu ẹran ńlá sí ọbẹ̀ Bádéjọ. Kí ni ọmọ náà ì bá tún ṣe? Lọ́jọ́ kejì ó tún dìde. Nígbà tó fi di ọjọ́ karùn-ún, wọn kì í dúró kí ó dìde fúnra rẹ̀ mọ́. Àgbà tó bá ti wọlé, èrò á ní, "Bádéjọ dà?"

Àwọn ọ̀dọ́ yòókù á jókòó pa, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa jẹ ẹ̀pà, wọ́n á máa da èèpo rẹ̀ síta lójú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó ń bá wọn wí, nítorí kò sẹ́ni tó retí nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Mùtàlíbù, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ló sọ ọ́ ní Òpó Bọ́ọ̀sì. Bí arúgbó bá ń wọlé, Mùtàlíbù á dijú, á máa hanrun. Tí arúgbó bá ti jókòó sí àyè Bádéjọ, ojú rẹ̀ á là.

Èyí tó dun Bádéjọ jù ni ti Wúràọlá, ọmọbìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Bádéjọ máa ń tètè dé ibùdókọ̀ kí ó lè jókòó tì í. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń dùn bọ̀ báyìí ni wọ́n á dé Pápáláńtò.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, níbi tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ gbá kùkùté. Ní Mọ́ńdè, ẹsẹ̀ ti wú bí iṣu. Ó fi aṣọ dì í, ó tiraka wọ bàtà lé e, ó wọ bọ́ọ̀sì. Ìyá Ròkíátù wọlé, ó lọ tààrà sí iwájú rẹ̀, ó ti ń sọ àgò kalẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Ẹsẹ̀?" Màmá wo bàtà rẹ̀ tó ń dán. "Èmi tí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ kò dùn mí. Ìwọ ọmọ àná, ẹsẹ̀ ń dùn ọ́!"

"Òtítọ́ ni, màmá. Ó wú."

"Orí rẹ ló wú!" ni ọkùnrin kan ké láti ẹ̀yìn. "Táípù ti ń gùn ún!"

Ni bọ́ọ̀sì bá dàrú. Mùtàlíbù, tí kò fẹ́ kí ìran náà ṣẹ̀yìn òun, dìde kí ó lè rí i dáadáa. Màmá rí àyè tó ṣófo, ó jókòó sí i.

"Ẹ wá wo ọmọ gidi!" Àdúrà bẹ̀rẹ̀. Mùtàlíbù yanu, ó sì dúró títí dé Abẹ́òkúta.

Ìròyìn ti ṣáájú Bádéjọ délé. Ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ han bàbá rẹ̀. Bàbá wò ó, ó mi orí.

"Ẹsẹ̀ yóò san. Orúkọ ńkọ́?"

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, àwọn méjèèjì wọ bọ́ọ̀sì lọ bẹ màmá ní Pápáláńtò. Àyè pọ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ bàbá kò jẹ́ kí ó jókòó. Bádéjọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ilé màmá.

"Mo ti dárí jì ọ́," ni màmá wí. "Ṣùgbọ́n máa wo ìwà Mùtàlíbù kọ́ṣe."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí bàbá arúgbó kan wọlé, èrò ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Mùtàlíbù dà?" Mùtàlíbù ń hanrun. Wọ́n jí i.

"Ọpẹ́lọpẹ́ kùkùté," ni Wúràọlá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Láti oṣù mẹ́ta, bẹ́líìtì rẹ nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Bádéjọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ parí ìtàn kan fún Wúràọlá kí ọkọ̀ tó dúró.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà kí aboyún kan tó wọlé ní Ìtòrí, òógùn bò ó. Mùtàlíbù kò wá lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó mira, kò sì sẹ́ni tó pe Bádéjọ. Ó wo obìnrin náà, ó dìde.

"Ẹ jókòó, mà."

Obìnrin náà jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó dijú. Kò ṣàdúrà kankan.

"Ẹ wo ọmọ yìí bó ṣe dí ojú ọ̀nà pa," ni ẹnì kan kùn lẹ́yìn.

Bádéjọ fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di irin òkè mú. Wúràọlá na ọwọ́, ó gba ìwé rẹ̀, ó sì gbé e lé itan.