Àwọn Ìnagijẹ Inú Ìwé Ife-Ẹ̀yẹ Agbègbè

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni bàbá mi ṣe jẹun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é ní atẹ̀wé kò tíì mọ̀ ọ́n. Akọ̀wé Ife-Ẹ̀yẹ Agbègbè ni. Ọdún mọ́kànlá ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mẹ́jọ fi du ife náà, kí líìgì ńlá tó kó àwọn ògbóǹtarìgì wọn lọ, tí ìdíje náà sì parẹ́. Kò sí góòlù kan tó wọlé tí kò sí nínú ìwé rẹ̀.

Àbùkù ìwé náà kò ju ẹyọ kan lọ. Ọjọ́ iṣẹ́ ni Sátidé nígbà yẹn, irọ́ ni ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù sì ń pa fún ọ̀gá wọn kí wọ́n tó ráyè wá gbá bọ́ọ̀lù. Kí àṣírí má baà tú, ìnagijẹ nìkan ni bàbá mi ń kọ sílẹ̀: Ẹsẹ̀-Irin, Má-súnmọ́-Mi, Aláìsàn.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fẹ́ kọ orúkọ àwọn tó gba ife náà sára ògiri pápá. Obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì eré ìdárayá. Ó ní orúkọ gidi ni àwọn fẹ́, ẹni tí wọn kò bá mọ̀ kò ní sí lára ògiri. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tó ń wá awò tó wà lójú ara rẹ̀ kiri ilé ni wọ́n ń bi.

Bàbá mi kò tilẹ̀ ṣí ìwé. Ó ń ka orúkọ, orúkọ òbí àti ibi iṣẹ́ kálukú, obìnrin náà ń sáré kọ ọ́. Orí mi wú.

Ó wá ku Aláìsàn, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n tí wọ́n fi gba ife ìkẹyìn. Bàbá mi ní kí wọ́n fò ó. Nígbà tí obìnrin náà bi í léèrè ìdí, ó jẹ́wọ́ pé òun gan-an ni Aláìsàn. Bàbá ìyá mi ni ọ̀gá rẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé, kò sì fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun ń pa irọ́ fún àna òun.

Ìyá mi gbé aṣọ tó ń ká sílẹ̀.

“Bàbá wọn, bàbá mi mọ̀ o. Ṣebí èmi ló máa ń rán wá wò yín? Tí mo bá délé, màá ní ibà ti ń lọ sílẹ̀. Á rẹ́rìn-ín, á ní, ‘Mélòó sí mélòó?’ Ó ní n kò gbọ́dọ̀ sọ fún yín, kẹ́ ẹ má lọ máa ṣàìsàn lójoojúmọ́.”

Ó kọjú sí àlejò wa.

“Ẹ kọ orúkọ ọkọ mi sílẹ̀.”