Ìwé Ilé Tí Mo Fi Bo Ìwé Ìṣirò

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ajégúnlẹ̀, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ta nínú wa ni kì í bo ìwé iléèwé rẹ̀? Tí tíṣà bá rí ìwé tí a kò bò, ẹgba ni. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ la fi ń bò ó, èbà àná la sì fi ń lẹ̀ ẹ́.

Lọ́dún kan, kò sí kàlẹ́ńdà nínú yàrá kan ṣoṣo tí àwa márùn-ún ń gbé. Mo bá yọ́ wo inú àpótí Màámi, mo rí abala ìwé kan tó nípọn dáadáa, mo fi bo ìwé ìṣirò mi. Tíṣà pàápàá yìn mí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Bàbá Onílé ta ilé, ó padà sí ìlú rẹ̀. Ẹni tó rà á dé láàárọ̀ Sátidé pẹ̀lú lọ́yà rẹ̀, nígbà tí à ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó ní, “Èmi ni mo nilé báyìí. Next month, make una don pack o!”

Bàámi, tó ń rẹrù ní èbúté Kirikiri, gbé abọ́ ẹ̀wà kalẹ̀. Ọdún méjì ni wọ́n gba yàrá náà fún, a ò tíì lo ọdún kan. Màámi ní, “Ẹ dúró, a níwèé àdéhùn.” Wọ́n tú àpótí, wọ́n gbọn gbogbo aṣọ, wọn ò rí nǹkan kan. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

Mo mọ ibi tó wà. Tí mo bá dákẹ́, ilé lọ. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ìdí mi á gbóná. Mo gbé ìwé ìṣirò wá.

Màámi fi omi rin ín, wọ́n rọra ń ṣí i, èbà gbígbẹ ń já bọ́. Lọ́yà kà á tán, ó kọjú sí ọ̀gá rẹ̀: “Ọ̀gá, onílé àtijọ́ ti fọwọ́ sí ọdún méjì fún wọn. Títà tó ta ilé kò ba àdéhùn yìí jẹ́. Ó di ìgbà tí ọdún méjì bá pé.”

Màámi pàtẹ́wọ́. “Ẹ gbọ́ o! Ẹ ra ilé, ẹ ra àwa náà mọ́ ọn!”

Gbogbo ilé hó yèè. Bàámi gbé mi sí èjìká, inú mi dùn dẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Màámi sọ̀ mí kalẹ̀, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n ní, “Ọ̀tọ̀ ni ọpẹ́, ọ̀tọ̀ ni ìbáwí.” Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń rẹ́rìn-ín.

Lóde òní, inú fóònù ni ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ń gbé, jíjẹ nìkan la sì ń jẹ èbà. Lọ́dún tó kọjá, mo ra ilé kékeré kan ní Ajégúnlẹ̀ kan náà. Mo bá ìyá kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Bó ṣe gbọ́ pé èmi ni mo ra ilé, ó sáré wọlé lọ wá ìwé àdéhùn rẹ̀.

Mo ní, “Ẹ fara balẹ̀, ìyá. Mo rà yín mọ́ ọn.”