Iná Tí Kò Bàjẹ́ Rí

Bí ará Oko Ọba bá fẹ́ júwe ilé Kazeem Ògúnlànà fún àlejò, kì í dárúkọ òpópónà. Á kàn ní, "Ẹ béèrè ilé bàbá oníná." Iná tí wọ́n ń wí kì í ṣe ti inú ilé. Iná orí ọkọ̀ ni, irú èyí tó máa ń yí bírí lórí ọkọ̀ panápaná, lórí áńbúláǹsì, lórí ọkọ̀ ọlọ́pàá. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n, nínú yàrá tó yẹ kí ayálégbé máa gbé. Àwọn onígíláàsì pupa wà níbẹ̀ tí wọ́n nípọn bí ìdí ìgò, àwọn aláwọ̀ búlúù wà tí wọ́n ti dàgbà ju Kazeem fúnra rẹ̀ lọ. Ràbíátù ìyàwó rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ yàrá yẹn títí ó fi sú u.

Iṣẹ́ rewáyà ló gbé e dé ìdí ẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkẹjà. Wọ́n ní ọkọ̀ panápaná tiwọn níbẹ̀, nítorí òwú àti iná kì í ṣọ̀rẹ́. Kazeem kì í mutí, kì í ta tẹ́tẹ́, àmọ́ bó bá rí iná àtijọ́ lórí ọkọ̀ tó ti kú, ojú ẹ̀ á yí padà. Gbogbo Sátidé ló máa ń lọ síbi tí wọ́n ti ń tú àlòkù ọkọ̀ ká ní Agége, á máa bẹ ẹni tó lè bí lọ́mọ nítorí iná tí ìpẹtà ti jẹ. Á gbé e délé, á fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, á tú ẹ́ńjìnnì kékeré inú ẹ̀, á tò ó padà, á so ó mọ́ bátìrì. Bó bá ti yí, inú ẹ̀ á dùn bíi ti ẹni tó jí òkú dìde.

Èyí tó fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni kì í fi han èèyàn. Inú páálí lábẹ́ tábìlì ló wà, ó fi àkísà bò ó.

Orí ọkọ̀ panápaná ilé iṣẹ́ wọn ni iná yẹn ti wá. Fọláhàn Ayọ̀tọ́lá, ọmọ Èkìtì kan tó fi ọdún mẹ́fà ju Kazeem lọ, ló ń wa ọkọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n ni Kazeem ń pè é. Abọ́ kan náà ni wọ́n fi ń jẹun lọ́sàn-án. Nígbà tí Ràbíátù bí Tẹ́júọlá, Fọláhàn ló gbé ìyá àtọmọ wálé láti ọsibítù. Iná orí ọkọ̀ ẹ̀ ti pẹ́ nílé iṣẹ́ ju àwọn méjèèjì lọ, kò sì kọṣẹ́ rí. Ojú Kazeem ò kúrò lára ẹ̀. Lọ́dún 2009, ó lọ sọ fún fọ́ọ̀mànù pé ẹ́ńjìnnì inú ẹ̀ ti jó, kí wọ́n ra oníke tuntun. Fọ́ọ̀mànù gbà á gbọ́. Ta ló mọ̀ nípa iná ju rewáyà lọ? Kazeem tú u lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbé e lọ sílé. Ó rò pé tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, tuntun á ti dé.

Tuntun ò dé lọ́jọ́ Ajé. Kò dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, nínú òjò, iná sọ nínú ilé tí wọ́n ń kó òwú sí lódìkejì títì. Fọláhàn wa ọkọ̀ jáde ní géètì. Òjò àti ariwo ẹ̀rọ bo wíówíó ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Tírélà kan tó kó màlúù ń bọ̀, Sàmbó lorúkọ ẹni tó ń wà á. Ojú ọjọ́ ṣú, kò sí iná tó kọ mọ̀nà fún un. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí Fọláhàn jókòó sí gan-an ló kọlù. Nígbà tí Fọláhàn máa lajú ní ọsibítù, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ lókè orúnkún.

Sàmbó lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Nílé ẹjọ́, wọ́n bi fọ́ọ̀mànù nípa iná, ó ní ó ti bàjẹ́, àwọn ti ránṣẹ́ ra òmíràn. Ẹnikẹ́ni ò bi Kazeem ní nǹkan kan. Ó jókòó lẹ́yìn, ó ń wo bàtà ẹ̀. Ọdún kẹta, ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, kálukú bá tiẹ̀ lọ.

Lọ́dún tó kọjá, Damaris ọmọ Fọláhàn, tó ń ṣe tíṣà, gbọ́ nípa yàrá oníná. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ní Onígbòǹgbò ni bàbá ẹ̀ ń gbé. Ó pe Kazeem lórí fóònù, ó ní bàbá òun fẹ́ wá wò ó. Kazeem ò rí ọ̀nà tó máa gbà kọ̀.

Fọláhàn dé tòun tọ̀pá tó fi ń rìn, Damaris sì tẹ̀ lé e. Inú bàbá náà dùn. Ó fọwọ́ kan iná kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé, "Kazeem, tiwa ńkọ́? Iná orí ọkọ̀ wa?"

Kazeem ìbá ní òun ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo láyé tó mọ iyì iná yẹn bíi tiẹ̀ ló jókòó níwájú ẹ̀ yìí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa páálí jáde.

Fọláhàn fi fìlà ẹ̀ nu eruku orí iná náà. "Wọn ò ṣe irú èyí mọ́. Ṣé ó ṣì ń tàn?"

Kazeem so ó mọ́ bátìrì. Iná pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń gba ara ògiri kọjá, ó ń gba ojú wọn kọjá.

"O gbìyànjú o," Fọláhàn wí. "Níbo lo ti rí ẹ́ńjìnnì míì fún un?"

Irọ́ ti dé ètè Kazeem. Kò mọ ohun tó dá a dúró. "N ò wá òmíràn, Ẹ̀gbọ́n. Ti àtilẹ̀wá ló wà nínú ẹ̀. Kò bàjẹ́ rí."

Iná ń yí. Fọláhàn yíjú kúrò lára ẹ̀. "Pa á."

Kazeem pa á.

"Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi ṣépè fún onítírélà yẹn," Fọláhàn wí jẹ́jẹ́. "Ó wá bẹ̀ mí nígbà tó jáde lẹ́wọ̀n. Mo lé e."

Ràbíátù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti míníra tó gbé wá. Fọláhàn dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kò mu ún. Níbi àtẹ̀gùn, Kazeem na ọwọ́ láti dì í mú. "Má fọwọ́ kàn mí," Fọláhàn wí. Damaris ló mú un sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Kazeem lọ sí Onígbòǹgbò lọ bẹ̀bẹ̀. Nígbà kẹta, Damaris pàdé ẹ̀ níta. "Ẹ má bínú, sà, wọn ò fẹ́ rí yín. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá lọ́rọ̀ sọ, kẹ́ ẹ lọ sọ ọ́ níwájú gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́."

Ó ròyìn fún Ràbíátù. Obìnrin náà ò pariwo. "Mo mọ̀ pé nǹkan wà nínú páálí yẹn," ló ní. "Mo rò pé ẹrù olè lásán ni. Mi ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ èèyàn ni."

Oṣooṣù làwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ náà máa ń pàdé nínú kíláàsì kan ní Agége. Wọn ò ju ogún lọ mọ́. Fọláhàn jókòó níwájú. Kazeem dìde, ó sọ gbogbo ẹ̀, kò fi ìkankan pamọ́.

Làsísì, alága wọn, wúkọ́. "Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni," ló ní. "Fọ́ọ̀mànù ti kú, ilé iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ti kú. Kí Ọlọ́run foríjì gbogbo wa."

Wọ́n ṣe àmín. Fàúsát, tó ti wà nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ nígbà náà, ní ta ni ò mú nǹkan lọ sílé níbẹ̀. Òun náà wé aṣọ mọ́nú jáde láìmọye ìgbà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Làsísì sún sí ọ̀rọ̀ tó kàn, ìsìnkú ìyá ọmọ ẹgbẹ́ kan.

Fọláhàn dìde, ó jáde. Kazeem bá a létí títì.

"Ẹ̀gbọ́n, mo sọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe ní kí n sọ ọ́."

"Mo gbọ́." Fọláhàn na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan. "Mo rò pé tí wọ́n bá gbọ́, ẹnì kan á bínú nítorí mi. Kódà kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo." Ó kọ́kọ́ ti ọ̀pá ẹ̀ wọlé, ó wá fa ara ẹ̀ wọ inú kẹ̀kẹ́. "Lọ wá Sàmbó. Tó o bá rí i, sọ fún un pé èmi náà ń bẹ̀ ẹ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni Kazeem fi wá a kiri láàárín àwọn tó ń kó màlúù wá sí Oko Ọba. Bàbá arúgbó kan ló mọ̀ ọ́n. Ó ní láti ìgbà tí Sàmbó ti jáde lẹ́wọ̀n, ẹnikẹ́ni ò gbé ọkọ̀ fún un mọ́. Ó padà sílé, ibẹ̀ ló kú sí, ó ti tó ọdún mẹ́jọ.

Kazeem dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àtìgbà yẹn, ó ti gbéra lọ sí Onígbòǹgbò lẹ́ẹ̀mejì láti jíṣẹ́ yìí fún Fọláhàn, ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà ló sì padà lójú ọ̀nà.