Ẹni Tó Máa Sunkún Ni Kó Kọ́kọ́ Gba Aṣọ

Mo rántí ìgbà tí òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú àti ti aṣọ tuntun máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa ní Ọ̀yọ́, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé "ẹ káàbọ̀." Àwọn ọdún 1980 ń parí lọ nígbà náà. Mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, mo ti kọ́ iṣẹ́ télọ̀, mo ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù, orí mi sì wú. Bí mo bá fi tépù kọ́ ọrùn báyìí, ẹ máa rò pé dókítà ló fẹ́ wọ wọ́ọ̀dù.

Ọ̀gá wa obìnrin ti gba ṣọ́ọ̀bù tuntun ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítòsí Ọjà Igbó. Àwa méjì la ṣe fírídọ̀ọ̀mù tí a sì dúró ti ọ̀gá, ọ̀kan nínú wa ni wọ́n sì máa gbé ṣọ́ọ̀bù náà lé lọ́wọ́. Ọwọ́ ẹnìkejì mi yá, ẹnu rẹ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ní tèmi ti yan àwọ̀ tí màá fi kun ilẹ̀kùn ibẹ̀. Mo ti ń rí ara mi lálàá tí mò ń kí àwọn ará Sábó káàárọ̀ bí mo bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Iléyá wá ń sún mọ́lé, ọmọ ọ̀gá bímọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀gá palẹ̀ mọ́ láti lọ wẹ ọmọ, wọ́n sì mú ẹnìkejì mi dání pé kó lọ bá àwọn gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tuntun. Èmi ni kí n dúró ti Ọ̀yọ́. Oorun ò kùn mí lójú mọ́. Mo ní tí n bá fi lè ba iṣẹ́ Iléyá jẹ́, ẹni tó ń gbálẹ̀ yẹn ò ní padà wálé mọ́.

Mo wá pinnu pé oníbàárà kan ò ní bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Àwa télọ̀ sì ní ọgbọ́n kan. Bí èèyàn bá gbé aṣọ wá, tí o bá sọ fún un pé iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀, yóò ká aṣọ rẹ̀, yóò kọjá sọ́dọ̀ télọ̀ iwájú. Ṣùgbọ́n bí o bá tẹ́ aṣọ náà, tí o fi sísọ́ọ̀sì gé e lójú rẹ̀, ó parí. Aṣọ tí wọ́n ti gé, ibo ló tún fẹ́ gbé e lọ? Ọ̀gá a máa ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi sọ ọ́ di ẹ̀sìn. Gbogbo ẹni tó bá ti yọjú, mo gé tiẹ̀. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìka mi á ti wú, ẹ̀yìn á máa ro mí, inú mi á sì dùn pé mo ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ wà lóòótọ́. Aṣọ ni kò sí.

Èwo ni mo wá ń rán nínú wọn? Ti ẹni tó bá dúró lé mi lórí ni. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni mo pe ara mi, ta ni èmi tí màá sọ fún àgbàlagbà pé kó lọ padà wá? Bí bàbá kan bá wọlé, màá yọ aṣọ ọ̀dọ́ kúrò lórí máṣìn. Bí ìyá tó ju bàbá lọ bá dé, màá yọ ti bàbá. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, apá ọ̀tún bùbá pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn bí ilá ọjà, ẹ ò sì ní rí apá òsì kan kí ẹ fi ṣe oògùn.

Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé aṣọ wá lẹ́yìn tí ọ̀gá lọ ni ìyàwó ojú ọ̀nà kan, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ tí mo ní láti dá máṣìn dúró kí n tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Aṣọ funfun wòlímọ̀ rẹ̀ ni, èyí tí yóò wọ̀ jókòó níwájú àwọn ààfáà àti ẹbí, tí yóò ka Kùránì tó ti ń kọ́ láti kékeré, kí wọ́n tó sìn ín lọ sílé ọkọ. Ìyá rẹ̀ ti kú. Irun ló ń bá àwọn èèyàn dì títí ó fi ra aṣọ náà. Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Iléyá ni wòlímọ̀ náà. Gbogbo ìgbà tó bá yà, mo máa ń sọ fún un pé ó ti kù díẹ̀, yóò sì kí mi kú iṣẹ́, yóò máa lọ.

Àlàájà oníléèsì tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lódìkejì títì kì í lọ bẹ́ẹ̀ ní tiwọn. "Ṣé kò tíì jinná ni?" ni wọ́n máa ń ké láti ọ̀nà jíjìn. "Ẹ̀wà lò ń sè ni àbí aṣọ lò ń rán?" Kíá, màá gbé tiwọn sórí máṣìn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ìyàwó ojú ọ̀nà wá gba aṣọ rẹ̀. Mo ń wo òkìtì aṣọ gígé náà. Òun náà wò ó. Apá kan nínú aṣọ funfun rẹ̀ yọ síta lábẹ́ ṣòkòtò ẹnì kan.

"Kò burú, àǹtí," ó ní. "Ẹ kú làálàá."

Bó ṣe ń jáde ló pàdé ọ̀gá wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀gá wo ojú ọmọ náà, wọ́n wo tèmi, wọ́n wo òkìtì. Wọn ò pariwo, èyí gan-an ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n ní kí n da gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n wá ń gbé e sókè níkọ̀ọ̀kan.

"Èyí ńkọ́? Tí kò bá jáde lọ́la, kí lẹni tó ni ín máa ṣe?"

"Wọ́n máa bú wa, mà."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí wọ́n á fi délé, mà."

"Kò burú. Gbé e sápá kan. Èyí?"

"Àwọn yẹn máa bú wa mọ́ ìyá wa."

"Ìyá mi ti gba jù bẹ́ẹ̀ lọ nídìí iṣẹ́ yìí. Èyí?"

Aṣọ funfun ni. "Ìyẹn ò ní sọ nǹkan kan, mà."

"Kó kàn máa lọ báyẹn?"

Mo wolẹ̀. "Ó máa sunkún, mà."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Látìgbà tí mo ti lọ, àwọn tó lè bú ẹ lò ń ránṣọ fún. Ẹni tó bá bú wa tán, inú rẹ̀ á rọ̀. Ti ọmọ yìí ńkọ́? Gbé e sórí máṣìn. Má sì fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ ẹnikẹ́ni mọ́ títí wàá fi rán an tán."

Apá kejì ni mo wà tí Àlàájà fi wọlé. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti lọ gbé ẹsẹ̀ máṣìn sókè láti yọ aṣọ funfun náà. Ọ̀gá jókòó sí kọ̀rọ̀, wọ́n ń to òwú, wọn ò tilẹ̀ wojú mi. Mo rántí ilẹ̀kùn Ògbómọ̀ṣọ́. Mo rántí apá aṣọ tó yọ síta nínú òkìtì. Mo kúnlẹ̀.

"Àlàájà, ẹ má bínú mà. Tiyín kọ́ ló kàn. Ó di ọjọ́ Ajé."

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀? Ọmọ àná yìí! Wọ́n ní o ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù, o rò pé wọ́n fi ẹ́ jọba ni?"

Mo ti dìde, mo ti ń tẹ máṣìn mi lọ. Wọ́n bú orí mi, wọ́n bú ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ máṣìn, wọ́n bú mi títí dé àárín títì. Bí wọ́n ṣe dé òdìkejì, wọ́n bá oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà wọn. "Ẹ káàbọ̀ o, oníbàárà mi àtàtà!" ni wọ́n ní, ohùn wọn dùn bí oyin. Èébú parí. Mo wo ohun tó wà níwájú mi: n kò tíì rán apá kejì náà tán.

Nígbà tí ìyàwó ojú ọ̀nà wọ aṣọ náà wò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó sì bú sẹ́kún. Ẹ̀rù bà mí, mo wo ọ̀gá. "Èyí yàtọ̀," wọ́n ní. Àlàájà gba tiwọn kí Iléyá tó dé. Wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sí Yídì, wọ́n sì ń fi mí hàn fún àwọn èèyàn pé télọ̀ àwọn nìyẹn.

Lẹ́yìn Iléyá, kọ́kọ́rọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà. Ní báyìí, fóònù ló ń dúró lé mi lórí dípò Àlàájà. Gbogbo ẹni tó ń pè ló ní tòun ò gbọdọ̀ pẹ́. Àwọn ọmọ mi ní nǹkan kan wà nínú fóònù náà tó lè máa sọ fún mi èyí tó kàn. Mo ní ẹ ṣeun. Láràárọ̀, kí n tó jókòó sídìí máṣìn, mo máa ń wo ohun tó wà nílẹ̀, mo sì máa ń wá ẹni tó máa sunkún.

Láìpẹ́ yìí, mo lọ kí ọ̀gá ní Ọ̀yọ́. Wọ́n ti darúgbó, ojú wọn ò ríran fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Mo wá bi wọ́n ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ yìí: ẹnìkejì mi yára jù mí lọ, kí ló dé tó jẹ́ èmi ni wọ́n fún ní ṣọ́ọ̀bù?

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ẹnìkejì ẹ, tí mi ò bá fún un, ó máa bú mi, ó máa lọ gba ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀. Bó sì ṣe ṣe é náà nìyẹn. Ìwọ ńkọ́?"

Mo ti ń wá áńkáṣíìfù nínú báàgì mi.