Ibi tí Àlùmọ́gàjí Ń Gbà

Látìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó ń pe ọmọkùnrin náà lórúkọ mọ́ ní ilé ìfọṣọ. Àbúrò ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbọ́n ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ka aṣọ oníbàárà. Àbúrò kàn máa ń jókòó tì í ni, tí á máa wo ọwọ́ rẹ̀. Kò kàwé púpọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun dé. Ti àtijọ́ ti kọṣẹ́. Tuntun yìí kì í gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ètò tààrà. Àfi kí ètò kọ ọ̀rọ̀ sínú fáìlì, kí ẹ̀rọ wá tẹ ohun tó bá níbẹ̀.

"Tí kò bá ṣiṣẹ́ títí a ó fi tilẹ̀kùn," ọ̀gá ní, "màá pa ètò yẹn rẹ́, màá ra òmíì. Mi ò kórìíra ẹ̀gbọ́n ẹ o. Iṣẹ́ niṣẹ́."

"Mo gbọ́, sà."

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó jókòó sórí àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó yí ètò náà kó lè máa kọ sínú fáìlì. Ìwé jáde. Orúkọ, ṣẹ́ẹ̀tì, iye, orúkọ ẹlòmíì, gbogbo ẹ̀ dì mọ́ra bí aṣọ tútù.

Ìyá Aláyọ́ọ̀nù ló máa ń gé ìwé náà, tí á gún un mọ́ ẹrù kálukú. Ó gbé e sókè.

"Àbúrò, ta ló wá ni ṣòkòtò yìí? Àbí gbogbo àdúgbò ló jọ ń wọ̀ ọ́ ni?"

Àbúrò kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí ibi tí àṣìṣe wà. Lójú kọ̀ǹpútà, ètò a máa bọ́ sí ìlà tuntun fúnra rẹ̀. Nínú fáìlì, kò ní bọ́ síbì kankan àfi téèyàn bá ní kó bọ́. Àmì rẹ̀ ni igi kékeré tó fẹ̀yìn tì, pẹ̀lú lẹ́tà n nídìí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti fi hàn án rí.

Ó fi àmì náà sẹ́yìn gbogbo nǹkan. Ìwé wá gùn bí okùn ìsáṣọ: ṣẹ́ẹ̀tì lókè, iye rẹ̀ nísàlẹ̀, òun nìkan.

"Níbo ni kí n wá ti gé e báyìí?" Ìyá Aláyọ́ọ̀nù bèèrè.

Àbúrò wo àlùmọ́gàjí ọwọ́ ìyá náà. Ó ti bá Ẹ̀gbọ́n jà rí pé ó ń fi ìwé ṣòfò, pé kí ló ń fi àyè sílẹ̀ fún láàárín oníbàárà méjì. "Ibẹ̀ ni àlùmọ́gàjí ń gbà," Ẹ̀gbọ́n ní, ó sì ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Ó yọ àmì ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì, ó fi ti ẹ̀yìn iye sílẹ̀. Níbi tí ẹrù ẹnì kan bá parí sí, ó fi àmì kan kún un, kí àyè lè ṣẹ́ kù kí ti ẹlòmíì tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Aláyọ́ọ̀nù ń gé e lọ. Ọ̀gá wọlé, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí ètò náà wà. Àyè ìsàlẹ̀ pátápátá yìí ńkọ́? Kò kúkú sẹ́nì kankan mọ́ lẹ́yìn ẹ̀."

"Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń fi í sílẹ̀ nìyẹn, sà."

Ọ̀gá wò ó títí, ó jáde.

Àbúrò gbórí lé tábìlì. Ìyá Aláyọ́ọ̀nù gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Sùn díẹ̀," ó ní. "Tí wọ́n bá wá gbẹrù, màá jí ẹ."